Mo Gbé Tábìlì Ìgé-Aṣọ Síwájú Ṣọ́ọ̀bù

Ní ọdún 1993, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan lápá Ìpájà pé kí n lọ kọ́ṣẹ́. Bí a ṣe wọlé ni ìyá mi kúnlẹ̀. Kò jẹ obìnrin náà ní gbèsè, kò sì kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ọ̀gá ni iṣẹ́ wà, àwa la sì ń wá a. A gbé kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan kalẹ̀ pẹ̀lú owó ìwọṣẹ́. Wọ́n mú ìwé àdéhùn jáde, wọ́n kọ ọdún mẹ́ta sí i, ìyá mi tẹ̀ka, onídùúró tẹ̀ka, èmi náà fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ mọ̀. Èmi náà kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgàndó. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ti ṣe WAEC tán. Kí ìyá rẹ̀ tó jókòó dáadáa, ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, kí ni màá lè dá rán? Ta ló máa kọ́ mi ní gígé? Ṣé mo lè máa lọ ní aago mẹ́rin? Mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti POS nírọ̀lẹ́." Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọ ìwòyí." Mo ní kí wọ́n má dààmú, mi ò rí nǹkan kan tí mo fẹ́ bínú sí. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọ yẹn béèrè, èmi gan-an ló yẹ kí n ti béèrè wọn ní 1993.

Nígbà tiwa, òbí ló ń bẹ ọ̀gá. Lónìí, ọ̀gá ló ń wá ọmọ iṣẹ́ kiri. Ẹ lọ sí Ìkọ̀tún, ẹ gba ọ̀nà Ìjẹgun, ẹ máa ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ti ń lọ: a ń wá télọ̀, a ń wá ẹni tó mọ irun dì, a ń wá wẹ́dà, a ń wá ọmọ iṣẹ́. Oòrùn á ti pọ́n ìwé náà, òjò á ti pa á, ẹni tí wọ́n ń wá kò tíì dé. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Alímọ̀ṣọ́, Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kó wá sí Ìgàndó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ojú mi ló rí i, owó mi sì ló bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ télọ̀ máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ òde òní. Mi ò gbà. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 síbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni àwọn kà. Láti ìgbà náà, ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Èèyàn kò wọ́n níbí. Ẹni tó bá pe irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí ó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí ó lọ dúró ní ibùdókọ̀ Ìyánà-Ìpájà tàbí ti Ìgàndó. Á rí wọn lórí ìlà nínú òkùnkùn, báàgì lọ́rùn, wọ́n ń lọ Ọ̀ṣọ́dì, Ìkẹjà, Erékùṣù Èkó. Àwọn kan ò ní wọlé padà títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ọ̀lẹ kì í rin irú ìrìn yẹn.

Àwọn tí kò wọkọ̀ náà kò jókòó lásán. Ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá rí ọ̀kadà háyà ní Ìdímù tàbí Àkẹ́sàn á mú owó délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ọmọbìnrin tó jókòó ti POS á gba owó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń ta wíìgì lórí fóònù á rí tirẹ̀ gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ wá ń sọ fún ọmọ kan náà pé kó wá san owó fún wa, kó máa gbálẹ̀ fún wa, kó máa bá wa gbé ọmọ, kó sì dúró ọdún mẹ́ta kó tó rí kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, owó ọkọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ mi kan fi ń ti Àyọ̀bọ̀ wá ju ìlọ́po méjì lọ láàárín oṣù díẹ̀. Kí ó tó kọ́ abẹ́rẹ́ kan, ó ti jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn. Ìṣirò ni, àwọn ọmọ náà sì mọ ìṣirò.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ìgbà wo la tún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa yẹ̀ wò gbẹ̀yìn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yẹ tèmi wò. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń fún wa lóúnjẹ, ó ń tọ́jú wa bí ara wa kò bá yá, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í ṣe. Kì í gé aṣọ lójú wa. Tábìlì ìgé-aṣọ rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì, alẹ́ tí a bá ti lọ ilé ló sì ń gé. Bí a bá dé láàárọ̀, a ó bá aṣọ tó ti gé ní ìdì ìdì, ó ti fi àjákù aṣọ so wọ́n: iwájú, ẹ̀yìn, apá, ọrùn. Tiwa ni ká tò wọ́n pọ̀, ká rán wọn, ká lọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rán ohun tí mi ò mọ bí ó ṣe di gígé.

Mo gba fúrídọ̀ọ̀mù ní 1996. A jó, a jẹ, ẹgbẹ́ fún mi níwèé ẹ̀rí. Lọ́sẹ̀ kejì, aládùúgbò wa kan gbé àǹkárá yáàdì mẹ́fà wá, ó ní kí n rán ìró àti bùbá fún òun. Mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, mo mú àlùmọ́gàjí, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo gé ọrùn bùbá náà jù. Kò sí ohun tí a lè fi dí i. Mo yá owó, mo ra àǹkárá mìíràn san fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ bá àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ilé wa, mo tọrọ pépà sìmẹ́ńtì. Mo tú bùbá tèmi kan, mo tẹ́ ẹ lé pépà náà, mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀, mo gé e. Mo tú gọ̀ọ̀n, mo tú yẹ̀rì, mo tú ṣòkòtò bàbá mi. Oṣù méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ lálálẹ́ nídìí àtùpà. Nínú oṣù méjì yẹn ni mo kọ́ ohun tí mo ti san owó ọdún mẹ́ta lé lórí.

Kí ló dé tí ọ̀gá mi fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó gbà pé bí a bá mọ gígé, a ó lọ. Ṣùgbọ́n a kò mọ gígé, a sì lọ náà.

Ó yẹ kí ẹni tí irú èyí ti ṣe mọ̀ ọ́n yẹra. Èmi kò yẹra. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo ta kọ́tìnì. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó gba ọdún méjìlá kí ojú mi tó là. Ní ìparí ọdún 2011, nígbà tí aṣọ Kérésìmesì dì mọ́ wa lọ́wọ́, jọ́nímáànù mi méjì, ìyẹn àwọn tó ti mọṣẹ́ tí mò ń sanwó fún, àti ọmọ iṣẹ́ kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ èèyàn tó lé ní ogójì wà nílẹ̀. Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Inú bí mi, mo sì pe ọmọ iṣẹ́ náà lórí fóònù láti sọ bí ó ṣe dùn mí tó. Ó gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo lò lọ́dọ̀ yín, mi ò lè gé bùbá. Ẹni tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkọ̀tún ti kọ́ mi láàárín oṣù kan." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yíjú wo kọ́tìnì mi. Àǹkárá yáàdì mẹ́fà yẹn ló padà wá sí mi lọ́kàn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ìjọba fi owó lé epo, àwọn òṣìṣẹ́ sì da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo pe káfíńtà àdúgbò wa. A ká kọ́tìnì, a gbé tábìlì náà kúrò lẹ́yìn, a gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí aṣọ kan tí mo gé ní kọ̀rọ̀.

Gbígbé tábìlì nìkan kọ́ ló tún ṣọ́ọ̀bù mi ṣe. Ó sọ mí di ẹni tó gbọ́dọ̀ ro gbogbo nǹkan yòókù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, téèpù ló kọ́kọ́ ń kọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan, á máa wọn gbogbo wa: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ara èèyàn méjì kì í dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé bátànì lórí pépà. Oṣù kẹta, á gé yẹ̀rì aṣọ ilé-ìwé ọmọdé lórí aṣọ gidi. Á ba òmíràn jẹ́. Mo ti ya owó sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún aṣọ tí wọ́n máa bà jẹ́, mi ò sì ń pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí nítorí rẹ̀. Owó yẹn ni owó ilé-ìwé tí èmi ọ̀gá ń san.

Ìwé àdéhùn náà yí padà. Mi ò kọ ọdún sí i mọ́. Ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kọ síbẹ̀, láti orí síìpù dé orí kọ́là, láti orí gọ̀ọ̀n onílájìn dé orí agbádá. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣe gbogbo rẹ̀ lójú télọ̀ méjì tí kì í ṣe èmi, ó ti parí nìyẹn. Ọmọ kan parí láàárín oṣù mọ́kànlá. Òmíràn lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohun tó burú ni kí ọmọ tó ti mọṣẹ́ máa gbálẹ̀ nítorí pé ọdún tó wà nínú ìwé kò tíì pé.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, ààrẹ fọwọ́ sí i pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ; ìjọba Èkó kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Òfin owó oṣù náà yọ àwọn iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ àwọn tí a ń sanwó fún ní iye aṣọ tí wọ́n bá rán. Ìyẹn ni pé òfin kò mú irú èmi. Ṣùgbọ́n ọjà Ìkọ̀tún kì í béèrè iye òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ ní kó tó ta gààrí fún ọ. Mo kọ iye tí mò ń san lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri, kí gbogbo èèyàn rí i, mo sì ń tún un kọ bí ọjà bá ti ń gbówó lórí. Láti oṣù kẹrin, ọmọ iṣẹ́ náà ń gba díẹ̀ lórí ohun tó bá rán. Díẹ̀ náà kò pọ̀, àmọ́ ó ń gbé e dé ilé, ó ń ra ọṣẹ fún un, kì í sì í jẹ́ kó rí iṣẹ́ ọwọ́ bí ọdún ìyà.

Àkókò pẹ̀lú wà lára owó iṣẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó mọṣẹ́ jù nínú àwọn jọ́nímáànù mi, Erékùṣù ni gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀kan bímọ, ó sì rí i pé òun kì í rí ojú ọmọ náà àyàfi bó bá ti sùn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó wá bá mi, mi ò lè san iye tí wọ́n ń san fún un níbẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ohun tí mo ní ni ìrìn ogún ìṣẹ́jú láti ilé rẹ̀, aago márùn-ún tí a ń ti ilẹ̀kùn, àti ẹní kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ lè sùn lé, níbi tí tábìlì mi wà tẹ́lẹ̀. Ó gbà. Òun náà ló sọ fún àwọn méjì yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé búrẹ́dì, ilé ìtẹ̀wé, ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn kékeré ní Alímọ̀ṣọ́, ẹ má fojú kéré nǹkan yìí. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó mọṣẹ́ wà lẹ́bàá yín tí ojú ọ̀nà ti dá lágara. Bí ẹ kò bá lè san owó Erékùṣù, ẹ lè fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ wọn padà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdágbére. Mo ní oníbàárà kan, ará ilẹ̀ Ìgbò, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe: bí ọmọ bá sin ọ̀gá rẹ̀ tán, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀, owó tàbí ọjà. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà tún dìde lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Tiwa, àdúrà la fi ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo gba àdúrà gbọ́, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba àdúrà láìní màsíìnì, ilé ìyá rẹ̀ ló ń padà sí. Nítorí náà, láti oṣù kìíní tí ọmọ bá wọlé ni mo ti ń dá owó kékeré sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá parí, màsíìnì wà nílẹ̀. Ó lè jẹ́ àlòkù, ṣùgbọ́n ó ń ránṣọ.

Ẹnìkan á sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Láti 1971 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ITF sílẹ̀ nítorí ìkọ́ṣẹ́. Òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òwò rẹ̀ bá tó ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè gba lára rẹ̀ padà bó bá fi hàn pé òun ń kọ́ àwọn èèyàn òun níṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Ìkọ̀tún níbí. Mélòó nínú àwa ọ̀gá ló ti wọ ọgbà náà lọ béèrè pé irú ọmọ wo ló máa parí lọ́dún yìí, ká tó lọ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn? Ní Jámánì, òfin ọdún 1969 ló so ilé-ìwé àti iléeṣẹ́ pọ̀: ọmọ á wà níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, á lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ yòókù, á sì máa gba owó. A kò ní láti rin jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà, ìjọba ní ìwé-ẹ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní CQM fún ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Tiwa náà ní ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe. Mo ti ń rọ àwọn ọmọ mi kí wọ́n ṣe é, nítorí pé ìwé ẹgbẹ́ dára ládùúgbò, àmọ́ ìwé ìjọba ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí máa kà.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí: "Bí o bá kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀, ṣé wọn ò ní lọ?" Wọ́n á lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó bá gbàwé ẹ̀rí kí àwọn tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde ní Àbújá àti Èkó, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ó yé mi ohun tó ń ba àjọ náà lẹ́rù. Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn dé ibi tí nọ́ọ̀sì kò tó, á yé òun náà. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì ọ̀gá mi ni mo rí nínú ìlànà yẹn. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ló ń ni ni lára. Ọwọ́ tí a fi ń ti ilẹ̀kùn, ì bá dára ká fi tún inú ilé ṣe.

Láti 2012, àwọn tí mo ti tú sílẹ̀ ti lé ní ogún. Mẹ́rin ṣì wà pẹ̀lú mi. Ọ̀kan ń tún aṣọ ṣe ní Manchester. Àwọn méjì kan lọ tí mi ò gbúròó wọn mọ́, ó sì dùn mí. Ọ̀pọ̀ yòókù ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn láti Àyọ̀bọ̀ títí dé Ìjẹgun. Nígbà tí ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ̀ta wá pé òun fẹ́ ẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù mi nìkan kò lè ṣe é láéláé. Mo pe márùn-ún nínú wọn. Bátànì kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọwọ́ tí mo mọ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí àdéhùn pé ni a ti kó o fún ilé-ìwé náà. Bí mo bá ti fi gígé pamọ́ fún wọn, ta ni ǹ bá pè?

Wọ́n ń kọ́ èmi náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ iṣẹ́ kan ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó ya fídíò ibi tí mo ti ń gé agbádá lórí tábìlì iwájú yẹn, tó gbé e sórí TikTok. Oníbàárà ti Abúlé-Ẹ̀gbá wá nítorí fídíò náà. Ọmọ méjì wá pẹ̀lú, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé aṣọ lójú gbogbo ayé. Èmi kò lẹ ìwé kankan mọ́ ilẹ̀kùn lọ́dún yẹn.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti rọrùn. Owó iná àti ti jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè, òkìríkà àti aṣọ rírà ń bá wa du oníbàárà, àwọn oṣù kan sì wà tí mo ń san owó àwọn ọmọ tán kí n tó mọ̀ bóyá nǹkan kan máa kù fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òṣìṣẹ́ kò bà mí mọ́.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, a tú ọmọ kan sílẹ̀. A ta kánópì síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dá aṣọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ télọ̀ wá. Ó kúnlẹ̀, mo gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, mo sì wúre fún un bí wọ́n ti wúre fún mi. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Nígbà tí àdúrà parí, a kò tíì jó. Ọmọ náà dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó tẹ́ àǹkárá sílẹ̀, ó wọn obìnrin kan láàárín àlejò, ó fa ṣọ́ọ̀kì, ó sì gé bùbá lójú gbogbo wa. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìró àlùmọ́gàjí nìkan la ń gbọ́ lára aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi, ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndó, níbi gbogbo tí ẹ bá wà, iṣẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì yín. Ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe ń po ìyẹ̀fun, ó lè jẹ́ ibi tí ẹ ti ń ra irin, ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́. Ẹ gbé e síta. Ẹ fi kọ́ ọmọ tó wà níwájú yín lónìí, kí ẹ sì san owó tó tọ́ fún un bó bá mọ̀ ọ́n. Ibi tí iṣẹ́ ti ń jáde lára ọ̀gá sára ọmọ ni àwọn ọmọ ń wá lọ.

Ọmọ ọdún 19 yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Mo dáhùn ìbéèrè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé àdéhùn. Aago mẹ́rin ló ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gé bátànì bùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí pépà.